Ṣé Kí A Kó Lọ Ni, Tàbí Kí A Dúró? Abidjan àti Ìtàn Oró Inú Afẹ́fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ní òru ọjọ́ 19 mọ́jú ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2006, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń jáde léraléra láti èbúté Abidjan. Pàǹtírí olóró tó ń ṣàn bí omi ni wọ́n gbé. Wọ́n dà á sí ààtàn ńlá Akouédo ní agbègbè Cocody, wọ́n dà á sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n sì dà á sí ìtòsí abúlé Djibi ní ìhà Abobo. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òórùn tó dà bí ti ẹyin bíbàjẹ́ àti aáyù ti gba inú ilé. Orí ń fọ́ àgbà, èébì ń gbé ọmọdé, ojú ń ta wọ́n, imú àwọn mìíràn sì ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn àwọn ìdílé tó ń gbé nítòsí àwọn ibi wọ̀nyí: ṣé kí a kó lọ ni, tàbí kí a dúró? Ó ṣòro láti dáhùn, nítorí pé kò sí aláṣẹ kankan tó sọ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ fún wọn. Ìbéèrè náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ti wà láti ìgbà tí ẹ̀rù eruku bọ́ǹbù átọ́míìkì ti kọ́kọ́ ba àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí a bá to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà síra, a óò rí i pé àìlówó àti àìníbi-lọ kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́ fún ẹni tó fẹ́ pinnu bóyá kí òun ṣí kúrò. Àìgbọ́ òtítọ́ lásìkò ni.

Bọ́ǹbù ní Sàhárà, ọyẹ́ ní ilé wa

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1960, ilẹ̀ Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní ilẹ̀ Algeria. Agbára rẹ̀ tó 70 kílótọ́ọ̀nù. Ó ju ìlọ́po mẹ́rin èyí tí Amẹ́ríkà jù sí Hiroshima lọ. Ariwo ti pọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1959, Àpérò Gbogbogbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rọ Faransé pé kí ó má ṣe dán bọ́ǹbù náà wò. Láti Gánà, ẹgbẹ́ ajìjàgbara kan gbéra láti wọ Sàhárà lọ dí ètò náà lọ́wọ́. Bill Sutherland àti Bayard Rustin, ọmọ Amẹ́ríkà, àti àlùfáà Michael Scott láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wọn. Àwọn aláṣẹ Faransé dá wọn dúró ní Upper Volta, èyí tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí.

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọyẹ́ ni ìbẹ̀rù ọdún náà yóò yé. Lọ́dọọdún ni afẹ́fẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń gbé eruku Sàhárà wá sí apá gúúsù. A máa bà sórí òrùlé, sórí ewébẹ̀ àti sínú omi tí a kò bo. Bí eruku lásán bá lè rin ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ dé Ìbàdàn àti Abidjan, kí ni yóò dá eruku bọ́ǹbù dúró lọ́nà? Èyí tó tún burú jù ni pé ìtànṣán olóró kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní adùn tàbí ìkorò. Ẹ̀rọ nìkan ló lè rí i. Ẹni tó bá ni ẹ̀rọ náà ló mọ̀; ẹni tí kò ní in, ohun tí wọ́n bá sọ fún un ni yóò gbọ́.

Bọ́ǹbù mẹ́rin ni Faransé yìn ní gbangba ní Reggane láàárín oṣù Kejì ọdún 1960 àti oṣù Kẹrin ọdún 1961. Ìjọba Kwame Nkrumah ní Gánà fi òǹtẹ̀ lu ohun ìní àwọn ará Faransé lẹ́yìn bọ́ǹbù àkọ́kọ́. Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kẹta bú gbàmù ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1960, orílẹ̀-èdè tuntun náà ti tó oṣù mẹ́ta. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1961, ìjọba Olóòtú Abubakar Tafawa Balewa já okùn àjọṣe pẹ̀lú Faransé, ó sì fún aṣojú wọn, Raymond Offroy, ní wákàtí 48 láti kúrò nílùú. Ó ti èbúté mọ́ ọkọ̀ Faransé pẹ̀lú, kí ó tó hàn pé àwọn aládùúgbò bíi Dahomey àti Niger ni ìyà rẹ̀ ń jẹ jù.

Ọ̀tọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Abidjan. Nígbà tí bọ́ǹbù àkọ́kọ́ bú, Côte d'Ivoire ṣì wà lábẹ́ Àjọṣepọ̀ Faransé, Félix Houphouët-Boigny tó jẹ́ olórí ìjọba rẹ̀ sì tún jẹ́ mínísítà olùdámọ̀ràn nínú ìjọba De Gaulle. Òmìnira dé ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1960, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ náà kò já. Ọyẹ́ kan náà ló ń fẹ́ lu Èkó àti Abidjan. Ohun tí ìjọba méjèèjì lè sọ nípa rẹ̀ ni kò dọ́gba.

Kò sí ìlú kan tó kó kúrò lójú kan nítorí bọ́ǹbù Reggane ní etí òkun wa. Níbo ni wọn ì bá tilẹ̀ kó lọ? Faransé ní kò séwu. Àwọn aṣáájú Áfíríkà kan ní ewu wà. Àwọn ará ìlú wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì láìní ẹ̀rọ tí wọn yóò fi wádìí. Ọdún 2013 ni Faransé tó tú àwọn ìwé àṣírí rẹ̀ kan sílẹ̀, ìwé ìròyìn Le Parisien sì gbé àwòrán ilẹ̀ kan jáde láti inú wọn ní oṣù Kejì ọdún 2014. Àwòrán náà fi hàn pé eruku bọ́ǹbù àkọ́kọ́ tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì dé gúúsù Yúróòpù. Àwọn ológun tó yà á sọ pé ìwọ̀n ìtànṣán náà kéré ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ibi tó dé. Ó lè jẹ́ pé ìbẹ̀rù ju ewu lọ ní etí òkun wa. Síbẹ̀, ìdáhùn tó yẹ kí ó dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan gba ọdún 53. Ọ̀pọ̀ àwọn tó béèrè ti kú.

Ẹ̀kọ́ Koko

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1988, Nàìjíríà gbọ́ pé wọ́n ti kó pàǹtírí olóró láti ilẹ̀ Ítálì wá sí Koko, ìlú èbúté kékeré kan ní Ìpínlẹ̀ Bendel àtijọ́. Ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tọ́ọ̀nù lọ, nínú àwọn dúrọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń jò. Àgbàlá ilé ènìyàn kan ni wọ́n tò wọ́n sí, nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù sì ni owó ìlẹ̀ tí wọ́n ń san fún un. Kì í ṣe ìjọba ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló kọ lẹ́tà sí àwọn ìwé ìròyìn nílé.

Nígbà tí àṣírí tú, ìbẹ̀rù pé ìtànṣán olóró wà nínú àwọn dúrọ́ọ̀mù náà gba ẹnu àwọn ènìyàn kan, bóyá kí àwọn ará Koko kó kúrò sì di ọ̀rọ̀ gbangba. Ìjọba Ibrahim Babangida pe aṣojú rẹ̀ ní Ítálì wálé, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ojú omi Ítálì kan títí wọ́n fi gbà láti kó ẹrù wọn padà. Ọkọ̀ Karin B àti Deep Sea Carrier ló kó o. Láti inú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni Òfin Ológun 42 ti ọdún 1988 ti jáde, tó fi ẹ̀wọ̀n gbére ti ẹni tó bá kó pàǹtírí olóró wọlé. Láti inú rẹ̀ náà ni àjọ FEPA, àjọ àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fún ìtọ́jú àyíká, ti wáyé.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1991, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà péjọ sí Bamako, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn tó kọ̀ kí a kó pàǹtírí olóró wọ ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tó ní ìtànṣán nínú àti èyí tí kò ní. Lórí ìwé, a ti tilẹ̀kùn. Ọkọ̀ kan ṣì gba ojú fèrèsé wọlé.

Ìrìn àjò Probo Koala

Orúkọ ọkọ̀ náà ni Probo Koala. Àsíá Panama ló ń fò lórí rẹ̀, àwọn ará Gíríìsì ló ni ín, ilé-iṣẹ́ Trafigura tó ń ṣòwò epo ló sì háyà rẹ̀. Trafigura ra epo kan tí kò mọ́ láti Mẹ́síkò, wọ́n sì fi kọ́sítíìkì sódà fọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ lójú òkun kí ó lè ṣeé tà pẹ̀lú èrè. Ìdọ̀tí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn fífọ̀ ni ìjọ̀ngbọ̀n náà.

Ní oṣù Keje ọdún 2006, wọ́n gbé ìdọ̀tí náà dé Amsterdam. Nígbà tí òórùn rẹ̀ tú síta, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbà á ní owó tí òun yóò gbà yóò pọ̀ gan-an ju èyí tí wọ́n kọ́kọ́ sọ. Trafigura kọ̀. Wọ́n dá ìdọ̀tí náà padà sínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì bá tirẹ̀ lọ. Ó gba Estonia, ó gba Lomé, ó gba Èkó pàápàá, ìdọ̀tí náà ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tó kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ó gúnlẹ̀ sí Abidjan. Níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Tommy, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ní oṣù tó ṣáájú, ti gbà láti kó kúbíìkì mítà 528 lọ ní owó pọ́ọ́kú. Tommy kò ní ibi tí a ti ń tọ́jú irú oró bẹ́ẹ̀. Ààtàn ló mọ̀.

Ẹni tó jẹ́ olórí Tommy, Salomon Ugborugbo, ọmọ Nàìjíríà ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008, ilé ẹjọ́ ní Abidjan rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ogún ọdún. Kò yẹ kí òǹkàwé Nàìjíríà fojú fo èyí. Àlejò láti òkèèrè nìkan kọ́ ló ń da oró sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ní Koko àti ní Abidjan, ọmọ Nàìjíríà kan wà tó gba owó kékeré, tó sì ṣílẹ̀kùn.

Ohun tí àwọn ará Abidjan gbé lórí ìwọ̀n

Láti ọjọ́ kejì ni àwọn ènìyàn ti ń wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tó yá, ó lé ní 100,000 ènìyàn tó wá gba ìtọ́jú, ìjọba Côte d'Ivoire sì kéde pé ó kéré tán ènìyàn 15 ti kú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, ìjọba Olóòtú Charles Konan Banny kọ̀wé fipò sílẹ̀. Inú bí àwọn ará ìlú débi pé wọ́n dáná sun ilé olùdarí èbúté. Àwọn tó ń gbé nítòsí Akouédo dínà mọ́ ọkọ̀ ìdọ̀tí, ààtàn náà wà ní títì fún ìgbà díẹ̀, pàǹtírí sì gorí ara wọn káàkiri Abidjan.

Kí ni ẹni tó fẹ́ kó kúrò nígbà náà ń wò? Èkíní, ogun. Láti ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 ni orílẹ̀-èdè náà ti pín sí méjì, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ di apá àríwá mú. Abidjan fúnra rẹ̀ kún fún àwọn tó ti sá fún ìbọn wá síbẹ̀. Ẹni tó bá sá fún òórùn lọ sí àríwá, inú ewu mìíràn ló ń lọ. Èkejì, oúnjẹ òòjọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lẹ́bàá ààtàn Akouédo, inú ààtàn náà ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n ń tà jẹun. Ẹ̀kẹta, ilé. Àwọn ará abúlé Akouédo àti Djibi kì í ṣe ayálégbé. Ilẹ̀ baba wọn ni. Ẹni tó ń san owó ilé lè palẹ̀ mọ́ lóṣù yìí. Ẹni tí isà òkú bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé kò lè palẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń ṣòwò ní Abidjan, débi pé èdè Faransé kò ṣàjèjì lọ́jà Èjìgbò. Fún irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ilé ṣí sílẹ̀. Mọ́tò wà tó ń lọ tó ń bọ̀. Àmọ́ kí a padà sílé kì í ṣe ohun kékeré. Yóò fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, yóò fi gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ sílẹ̀, yóò yọ ọmọ kúrò nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọ. Bí ewu náà bá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan, òfò ńlá ni. Bí ó bá jẹ́ ti ogún ọdún, ọgbọ́n ni. Ta ni yóò sọ èyí tó jẹ́ fún un?

Àwọn kan kó lọ sọ́dọ̀ ẹbí, wọ́n sì padà nígbà tí òórùn dínkù tàbí nígbà tí owó tán lọ́wọ́ wọn. Àwọn mìíràn dúró, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n sì fi aṣọ bo imú. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pe àwọn àkọ́kọ́ ní ojo tàbí kí ó pe àwọn kejì ní aláìmọ̀kan. Nínú òkùnkùn ni àwọn méjèèjì ti yàn. Òórùn nìkan ni wọ́n fi ń wọn ewu, òórùn kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n tó péye: ó lè lọ kí oró ṣẹ́kù nínú ilẹ̀, ó sì lè dúró nígbà tí ewu ti dínkù.

Ilé-iṣẹ́ Faransé kan, Tredi, wá kó apá kan nínú ìdọ̀tí náà lọ sun ní Faransé. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008, Okechukwu Ibeanu, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ aṣojú pàtàkì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ pàǹtírí olóró, ṣàbẹ̀wò sí Abidjan, ó sì rí i pé iṣẹ́ kò tíì parí ní àwọn ibì kan. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018 ni àjọ UNEP tó tẹ èsì àyẹ̀wò ojúkò 18 jáde. Wọ́n ní kò sí èyí tí oró inú rẹ̀ ṣì kọjá ìwọ̀n tí òfin Côte d'Ivoire gbà. Ìròyìn ayọ̀ ni fún àwọn tó dúró. Ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún 11 kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n lọ́jọ́ tí òórùn náà kọ́kọ́ dé ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíríámà.

Owó gbà-má-bínú àti ìdájọ́

Ní oṣù Kejì ọdún 2007, Trafigura fohùn ṣọ̀kan pẹ̀lú ìjọba Laurent Gbagbo láti san bílíọ̀nù 95 owó Sẹ́fà, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Ìgbà náà ni wọ́n tú Claude Dauphin àti Jean-Pierre Valentini, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà tó ti lo nǹkan bí oṣù márùn-ún ní àhámọ́ ní Abidjan, sílẹ̀. Ní ìlú London, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ẹjọ́ tí nǹkan bí 30,000 ará Abidjan pè parí sí àdéhùn mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn. Àwọn bí 6,000 nínú wọn sì kígbe pé owó àwọn kò dé ọwọ́ àwọn. Ní oṣù Keje ọdún 2010, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Netherlands bu owó ìtanràn mílíọ̀nù kan yúrò lé Trafigura. Títí di òní ni ilé-iṣẹ́ náà ń sọ pé Tommy ló ṣe ohun tí kò yẹ.

Ìdájọ́ tó kan ìbéèrè wa gan-an dé ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, láti Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Arusha. Ilé ẹjọ́ náà dá Côte d'Ivoire lẹ́bi pé ó tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ sí ìwàláàyè, sí ìlera àti sí àyíká tó dára mọ́lẹ̀. Ó fi ẹ̀tọ́ kan kún un: ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí ìjọba bá dákẹ́ bí oró ṣe ń fẹ́ wọ ilé àwọn ará ìlú, ìdákẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Èyí tó kàn wá

Nàìjíríà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 2004 ni ẹ̀rọ átọ́míìkì kékeré kan fún ìwádìí ti ń ṣiṣẹ́ ní Fásitì Ahmadu Bello ní Zaria. Ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Rosatom ti Rọ́ṣíà lórí ètò ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná alágbára átọ́míìkì. Geregu ní Ìpínlẹ̀ Kogi àti Itu ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ni wọ́n ti dárúkọ fún un. Bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́ láti kọ́ wọn, àríyànjiyàn mìíràn ni. Ohun tí ìtàn Reggane, Koko àti Abidjan ń béèrè yàtọ̀ sí i. Lọ́jọ́ tí ará Geregu tàbí Itu bá gbọ́ ìró kan lóru, tí ìròyìn àhesọ sì ti gba orí fóònù kan, ta ni yóò sọ òtítọ́ fún un, láàárín wákàtí mélòó, ní èdè wo?

Ìdáhùn tó tọ́ kò ṣòro láti kọ sílẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ wà káàkiri, kí iye tó bá kà sì hàn sí gbogbo ènìyàn lójoojúmọ́, kì í ṣe lọ́jọ́ ìjàǹbá nìkan. Kí ó wà nínú òfin pé ẹni kan báyìí ni yóò kéde pé kí ìlú kó lọ tàbí kí ó dúró, kí a sì mọ orúkọ rẹ̀. Kí ibi tí wọn yóò kó lọ àti owó tí wọn yóò fi gbé ibẹ̀ wà nínú ètò ṣáájú. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ní Abidjan, wọ́n ti ti ààtàn Akouédo pa, iṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ láti sọ ibẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́. Àwọn ìdílé tó dúró ní ọdún 2006 àti àwọn tó lọ tí wọ́n sì padà wá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń gbé. Wọ́n ti yàn, wọ́n sì ti san owó ohun tí wọ́n yàn. Ohun tí Ilé Ẹjọ́ Arusha sọ ní 2023 ni pé kò yẹ kí wọ́n yàn án láìmọ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí.